Ayọ̀ Ẹni Ìdáǹdè: Àyẹ̀wò Ìwé tí Àjàyí Crowther Kọ ní Ọdún 1837

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa ni ó mọ ìtàn Àjàyí ará Òṣoògùn, ẹni tí a kó lẹ́rú ní ọdún 1821, tí ó sì di Bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864. Ṣùgbọ́n ohun ọ̀tọ̀ ni kí a gbọ́ ìtàn lẹ́nu ẹlòmíràn, ohun ọ̀tọ̀ sì ni kí a kà á bí ẹni tí ọ̀ràn náà bá ti kọ ọ́. Ní oṣù Èrèlé ọdún 1837, nígbà tí ó wà ní Fourah Bay ní ilẹ̀ Sàró, Crowther kọ ìwé sí Àlùfáà William Jowett, akọ̀wé Ẹgbẹ́ C.M.S., ó sì ròyìn bí a ti tà á àti bí Ọlọ́run ti yọ ọ́. A tún tẹ ìwé yìí sí ẹ̀yìn ìròyìn ìrìn-àjò òun àti Schön lórí odò Ọya, èyí tí ó jáde ní ọdún 1842.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí ó yẹ kí a dúró tì. Crowther pe ọjọ́ tí ogun kó o ní ọjọ́ ìbànújẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé a ti kọ́ òun láti pè é ní ọjọ́ ìbùkún pẹ̀lú. Olùkàwé lè béèrè pé: Báwo ni ènìyàn yóò ṣe bùkún fún ọjọ́ tí ìlú bàbá rẹ̀ bàjẹ́? Kì í ha ṣe pé ó ń dá àwọn tí ó kó o láre? Ìbéèrè náà tọ́. Nítorí bí ayọ̀ ìgbàlà kò bá lè wà àfi bí a bá gbàgbé ìyà tí ènìyàn fi jẹ ènìyàn, ayọ̀ èké ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìwé náà fúnra rẹ̀. Kò fi ohunkóhun bò. Ó sọ bí bàbá rẹ̀ ti ti ojú ìjà wá láti fún wọn ní àmì pé kí wọ́n sá, tí òun kò sì tún fojú kàn án mọ́. Ó sọ bí a ti fi òun ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin, bí a ti yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, àti bí ó ti fẹ́ fi ọ̀já ara rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn lóru, kí ó má baà dé ọwọ́ àwọn Potogí láàyè. Àwọn àgbà wí pé, ẹrú kú, ìyá kò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Bẹ́ẹ̀ ni ẹrú náà ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Ìwé yìí ni ariwo tí a kò ta fún ọ̀pọ̀ àwọn tí wọn kò padà.

Ibi tí ó wù mí jù ni ibi tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti gbà wọ́n lójú òkun, ní ọjọ́ 7 oṣù Igbe ọdún 1822. Àwọn ọmọ náà rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a gbé kọ́, wọ́n rí ọta àgbá tí a tò sílẹ̀. Wọ́n rò pé ẹran ara ènìyàn ni ọ̀kan, pé orí àwọn tí a pa ni èkejì. Ẹ kíyèsí i: a ti dá wọn sílẹ̀ ná, síbẹ̀ ìbẹ̀rù ni ó kún ọkàn wọn. Ìdáǹdè ti dé, ayọ̀ kò tí ì dé, nítorí wọn kò tí ì mọ ẹni tí ó gbà wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ tí a ti dárí jì, tí ó sì ń gbọ̀n níwájú Olúwa rẹ̀ bí ẹni tí a fẹ́ pa.

Ní nǹkan bí ọdún kẹta lẹ́yìn èyí ni Crowther mọ̀ pé oko ẹrú mìíràn wà tí ó burú ju ti ènìyàn lọ, èyíinì ni ti ẹ̀ṣẹ̀ àti ti Èṣù. A ṣe ìrìbọmi fún un ní ọjọ́ 11 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1825. Gbólóhùn díẹ̀ péré ni ó fi sọ èyí. Ibẹ̀ ni àléébù ìwé náà wà, bí a bá fẹ́ pè é bẹ́ẹ̀: ó gùn lórí ẹ̀wọ̀n, ó kúrú lórí ìdáríjì. À bá fẹ́ mọ ohun tí ó kọ́kọ́ gún un lọ́kàn, àti ẹ̀ṣẹ̀ tí ó wúwo fún un jù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti fi ara rù ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ohun tí à ń pè ní òmìnira.

Nísinsìnyí a lè dáhùn ìbéèrè wa. Ìbànújẹ́ àti ìbùkún, ọ̀rọ̀ méjèèjì ni Crowther pa mọ́. Kò fi ọ̀kan pa èkejì rẹ́. Bí Jósẹ́fù, ó pe ibi ní ibi, ó sì fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run, kì í ṣe fún àwọn tí ó tà á. Ẹ rántí pẹ̀lú pé, nígbà tí ó ń kọ̀wé yìí, kò tí ì fojú kan ìyá rẹ̀ láti ọdún 1821. Ọjọ́ 21 oṣù Ògún ọdún 1846 ni wọ́n tó pàdé ní Abẹ́òkúta. Ọpẹ́ rẹ̀ kò dúró de ìgbà tí ohun tí ó sọnù yóò padà.

Ọpẹ́ náà sì di iṣẹ́. Ní ọdún 1850 ni Ìwé Róòmù jáde ní èdè Yorùbá láti ọwọ́ rẹ̀, ìwé tí orí kẹfà rẹ̀ sọ nípa ẹrú ẹ̀ṣẹ̀ tí a dá sílẹ̀. Ọwọ́ tí a ti dè rí ni ó kọ ọ́. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Kí àwa tí à ń kọrin ìdáǹdè lọ́jọ́ Ìsinmi bi ara wa léèrè ohun tí ọwọ́ wa ń fi òmìnira náà ṣe.