Ewú Kì Í Ṣe Àrùn: Lámèyítọ́ lórí Ìtọ́jú Ère Tí Ń Gbé Ìta

Ta ni ń gbé Festac Town tí kò mọ ojú Idia, ìyá Ọba Esigie ti Ìbíní? Ère ojú rẹ̀ tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́ ni Nàìjíríà fi ṣe àmì àjọ̀dún àṣà ọdún 1977, èyí tí ìjọba tìtorí rẹ̀ kọ́ ìlú wa yìí fún ìgbélé àwọn àlejò. Ṣùgbọ́n ojúlówó ère náà, tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó lọ ní 1897, kò bá wọn débẹ̀. Nígbà tí a bẹ ilé ìṣẹ̀m̀báyé Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n yá wa, wọ́n ní ó ti di ẹlẹgẹ́ jù fún ìrìn àjò. Ó tọ́ kí èsì náà bí wa nínú. Síbẹ̀, ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ tí ìbínú kò lè dáhùn: kí ni a ń wò lára ère kí a tó sọ pé ara rẹ̀ le tàbí kò le?

Ère inú àpótí dígí rí ibi forí pamọ́ sí. Ti ìta gbangba ni kò ní aláàbò. Ẹ jẹ́ kí a fi ère òkúta mábù tí a gbé sórí ibojì ṣe àpẹẹrẹ. Bí mábù ti ń dán tó nì, ọmọ ìyá kan ni òun àti ìkarahun ìgbín, omi kíkan sì ni ọ̀tá àwọn méjèèjì. Òjò tí ó gba àárín èéfín ọkọ̀ akẹ́rù ọ̀nà Badagry àti ti jẹnẹrétọ̀ wa kọjá ti kan díẹ̀ kí ó tó balẹ̀. Ibi tí ó bá ń ṣàn sí, imú àti ìka ère a máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, títí tí ojú òkúta yóò fi máa rún bí ṣúgà. Ibi tí kò sì dé, bí abẹ́ àgbọ̀n àti abíyá, ni èéfín ti ń bá òkúta dì mọ́ra, tí yóò di èépá dúdú. Iyọ̀ tí afẹ́fẹ́ òkun ń gbé wọ Amuwo-Odofin a wọ inú ihò òkúta náà lọ, nígbà tí oòrùn bá sì gbẹ ẹ́, yóò dì, yóò sì máa ti awọ òkúta sóde. Bí ọ̀pá irin bá wà nínú ère, ìpata rẹ̀ a wú, a sì la òkúta sí méjì: kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà.

Ohun tí ó mú iṣẹ́ olùtọ́jú ère ṣòro ni pé ewú àti àrùn jọ ń gbé lára àgbà kan náà. Kí mábù funfun pọ́n díẹ̀, kí etí aṣọ tí a gbẹ́ sí i lára má mú mọ́, ewú ni; ṣùgbọ́n kí ó máa rún, kí sísán rẹ̀ máa gbòòrò, kí omi ìpata máa ṣẹ́ jáde, àrùn ni. Nítorí náà, ojú ni í kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, kì í ṣe ọwọ́: ẹni tí ó mọ iṣẹ́ a yí ère ká ní kùtùkùtù, nígbà tí oòrùn fi ẹ̀gbẹ́ ràn tí gbogbo àpá ń hàn, a ya àwòrán rẹ̀, a wọn sísán kọ̀ọ̀kan, a fi ìka rọra kàn án kí ó lè gbọ́ ibi tí ó ń dún bí agbá òfìfo, a kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, a sì padà wá ní àmọ́dún láti fi ti èṣí wé e. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dÍfá lọ́rọọrún.

Ṣùgbọ́n kí ni a sábà máa ń rí? Bí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀, wọn a fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti ásíìdì fọ ère. Ásíìdì a hó yàà, àwọn èrò a yọ̀ pé ó ń mọ́, wọn kò mọ̀ pé awọ ojú rẹ̀ ni ó ń bá ìhó náà lọ. Wọn a fi sìmẹ́ńtì dí sísán, wọn a kùn ún ní ọ̀dà, omi àti iyọ̀ a sì há sínú. Wọn a ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Òtítọ́ ni òwe náà lórí ilé, nítorí amọ̀ kò tán nílẹ̀, ọ̀mọ̀lé kò sì tán. Kò rí bẹ́ẹ̀ lórí òkúta gbígbẹ́, nítorí bí a bá fọ imú dànù, ọwọ́ tí ó gbẹ́ ẹ ti di erùpẹ̀.

Ẹnìkan lè ní, Òṣogbo ńkọ́? Ní igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kà mọ́ ohun ìní gbogbo ayé ní 2005, sìmẹ́ńtì ni Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bí Adébísí Àkànjí fi mọ ọ̀pọ̀ ère. Títún wọn rẹ́ sì bá ìwà ohun èlò náà mu, nítorí ohun tí a fi ọwọ́ mọ, ọwọ́ lè tún un mọ. Ẹ wá wo Ẹ̀sìẹ́ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, níbi tí ère òkúta tí ó lé ní 1,000 ti jókòó nínú igbó kí a tó kọ́ ilé ìṣẹ̀m̀báyé fún wọn ní 1945, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Òkúta wọn rọ̀, ọ̀pọ̀ wọn ti pàdánù orí tàbí apá. Síbẹ̀, ilà ojú, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àti irun dídì ṣì hàn lára wọn. Bí ẹnìkan bá ti fi yanrìn ha wọ́n kí wọ́n lè dán, ilà wọ̀nyẹn ni ì bá kọ́kọ́ lọ, ẹ̀rí tí kò sì sí níbòmíràn ì bá bá wọn lọ.

Ìdájọ́ mi nìyí: àdàkọ ni a ń sọ di tuntun, ojúlówó, ọwọ́ ìparun ni a ń dá dúró lára rẹ̀. Ojú Idia tí a kùn sára ògiri, a lè tún un kùn lọ́dọọdún, kò sí ohun tí ó nù. Bí Lọ́ńdọ̀nù bá sì tún wí fún wa pé ara Idia kò le, ẹ jẹ́ kí a béèrè ìwé tí wọ́n ń kọ àìsàn rẹ̀ sí láti ọdún dé ọdún. Ṣùgbọ́n kí a tó béèrè, ó yẹ kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti wà lọ́wọ́ wa fún mábù orí ibojì bàbá tiwa.