Lẹ́tà Mọ́kànlá láti Ojú Òkun

 Ìwé tí àwọn òǹkọ̀wé tẹ̀ jáde ni a sábà máa ń yẹ̀ wò níbí. Èyí tí mo mú wá lónìí kò sí ní ọjà, ẹ kò sì lè rí i rà. Lẹ́tà mọ́kànlá ni, tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ ogun ojú omi, àwọn tí a mọ̀ sí néfì, kọ sí ìyá rẹ̀ ní Ìyànsàn ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, láti ọdún 1990 títí dé 1993. Ìyá náà ti lọ sí ibi tí àgbà ń rè. Nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ yàrá rẹ̀ mọ́ ni ọmọ bá àwọn lẹ́tà náà ní ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ, tí wọ́n fi orí gèlè wé. Ó kó wọn wá bá mi nítorí ó mọ̀ pé èmi ni mo ka púpọ̀ nínú wọn fún màmá. Ó ní kí n sọ ohun tí mo bá rí níbẹ̀, kí n má ṣáà dárúkọ òun.

Ọmọ ogún ọdún ni mí ní ọdún 1990. Mo ti kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, mo sì ń kéwú lọ́wọ́. Àwa Mùsùlùmí kò pọ̀ ní apá ọ̀dọ̀ wa, màmá yìí pàápàá kì í ṣe Mùsùlùmí. Púpurú ni ó ń ṣe tà. Ṣùgbọ́n ó gbàgbọ́ pé ẹni tí ó bá lè ka ìwé tí wọ́n ń kọ láti apá ọ̀tún wá sí òsì, kò sí ìwé tí yóò ṣòro fún un, nítorí náà “Alfa Kékeré” ni ó ń pè mí, èmi ni ó sì ń ránṣẹ́ sí bí lẹ́tà bá ti Òkìtìpupa dé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àléébù àwọn lẹ́tà náà. Yorùbá inú ìwé pọ̀ jù nínú àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́. Ọmọ Ìkálẹ̀ ni, ìyá rẹ̀ kò gbọ́ èdè mìíràn ju Ìkálẹ̀ lọ dáadáa, síbẹ̀ “Màmá mi ọ̀wọ́n, mo lo àǹfààní àkókò yìí láti fi gègé lé ìwé” ni ó fi bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí tíṣà ṣe kọ́ gbogbo wa. Bí mo bá ti ń kà á ni mo ń yí i sí Ìkálẹ̀. Ó tún fẹ́ràn fáàrí: aṣọ funfun tí wọ́n rán fún wọn, bàtà tí ó ń dán, búrẹ́dì àti sadíìnì tí wọ́n ń jẹ nínú ọkọ̀. Ó to òwe jọ bí ẹni to ìgbá àtẹ. Ó lé ní ìlàjì ojú ewé kan tí ó fi kí ènìyàn, láti orí bàbá àgbà dé orí ajá ilé.

Àwọn ọ̀dọ́ tí mo ń kọ́ nílé-kéwú máa ń sọ pé ìkíni gígùn bẹ́ẹ̀ kò ní ìtumọ̀, pé ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ kí ó sọ ọ́. N kò gbà pẹ̀lú wọn. Nínú ẹ̀kọ́ lẹ́tà kíkọ ní èdè Lárúbáwá, ìyìn fún Ọlọ́hun àti ìkẹ́ fún Ànábì ni ó máa ń ṣáájú, lẹ́yìn náà ni a óò wá sọ pé “ammā baʿdu”, kí ọ̀rọ̀ gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ka ìwé púpọ̀ yóò mọ̀ pé bí òǹkọ̀wé ṣe pẹ́ tó lẹ́nu ọ̀nà máa ń sọ bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí. Nínú lẹ́tà ọmọ yìí, ènìyàn mẹ́tàlélógún ni ó kí nínú èkíní. Mo kà wọ́n. Nínú ìkejì, ogún. Nínú ẹ̀kẹrin, kò kí ẹnì kankan.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín nìyí. Ogun abẹ́lé ti bẹ̀rẹ̀ ní Làìbéríà ní ìparí ọdún 1989. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1990 àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS kó ọmọ ogun jọ, àwọn tí a mọ̀ sí ECOMOG, ojú omi ni wọ́n sì gbà wọ èbúté Monrovia ní ọjọ́ 24 oṣù náà. Nàìjíríà ni ó kó ọmọ ogun wá jù, àwọn ọmọ ogun ojú omi wa sì wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án, ní èbúté yẹn kan náà, ni àwọn ọmọ ogun Prince Johnson ti mú Ààrẹ Samuel Doe, tí wọ́n sì pa á lẹ́yìn náà. Gbogbo èyí ni rédíò ń sọ. Ọmọ náà kò dárúkọ Monrovia rí nínú lẹ́tà rẹ̀. “Ibi tí wọ́n rán wa lọ” ni ó ń pè é. Ìyá rẹ̀ kò sì bi mí rí pé ibo ni, ṣùgbọ́n ó ra bátìrì tuntun sí rédíò rẹ̀.

Lẹ́tà kẹta ni mo kà sí èyí tí ó dára jù ní ti kí á fi ọ̀rọ̀ ya àwòrán. Ó fẹ́ kí ìyá rẹ̀ mọ bí òkun ṣe rí, ìyá tí kò rí omi tí ó ju odò Olúwa lọ. Kò sọ pé òkun tóbi. Ó ní kí màmá rántí ọdún tí odò kún bo oko, tí wọn kò rí òdìkejì. Ó ní kí ó wá rò ó pé wọ́n jí ní ọjọ́ kejì, òdìkejì kò sí síbẹ̀, ní ọjọ́ kẹta kò sí, àti pé òun ti wá ń gbàgbé pé omi ní òdìkejì. Nígbà tí mo kà á, màmá di ọwọ́ ìjókòó rẹ̀ mú.

Lẹ́tà kẹrin ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ojú ewé méjì ni. Kò sí òwe níbẹ̀, kò sí gègé tí a fi lé ìwé. Dípò “Màmá mi ọ̀wọ́n” tí ó ti ń kọ, “Ìye” ni ó kọ, bí ọmọ Ìkálẹ̀ ṣe ń pe ìyá rẹ̀ nínú ilé, àti láti ibẹ̀ lọ Ìkálẹ̀ pọ́ńbélé ni. Ó sọ nípa àwọn tí wọ́n gbà sínú ọkọ̀ láti sá fún ogun, àwọn tí wọ́n fara gbọgbẹ́, ọmọ kékeré kan tí kò yé di ṣòkòtò òun mú. Ó ní òun kò lè sùn mọ́. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun.

Mo ka “Ìye” sókè, ọkàn mi sì là. Mo wo iwájú, mo rí ohun tí ó ń bọ̀. Mo fò ó. Mo ní ọmọ yín ní àlàáfíà ni òun wà, ó kí yín, ó kí gbogbo ilé. Màmá gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní: “Alfa Kékeré, ìwé yìí gùn ju ohun tí o kà lọ. Ọmọ mi kì í sì í pè mí báun bí ara rẹ̀ bá yá. Tún un kà.” Mo tún un kà, láti òkè dé ìsàlẹ̀, láìyí ọ̀rọ̀ kankan padà, nítorí pé kò sí ohun tí ó nílò ìyípadà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ka Suratu Yúsúfù yóò rántí pé ẹ̀wù ni wọ́n kọ́kọ́ fi jíṣẹ́ fún Ànábì Yàkúbù, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ irọ́ kùn ún, ẹ̀wù náà ni wọ́n sì fi jíṣẹ́ òtítọ́ fún un níkẹyìn tí ojú rẹ̀ fi là. Bàbá náà kò gba ti àkọ́kọ́ gbọ́. Láti ọjọ́ tí màmá ti gba ìwé lọ́wọ́ mi ni mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní àyọkà yẹn lọ́nà mìíràn.

Kì í ṣe ọmọ yìí ni ogun kọ́kọ́ gbé gba orí omi láti ìpínlẹ̀ Ondo. Ìwé kan wà tí mo máa ń fi lẹ́tà rẹ̀ wé. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀múrẹ́-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, wọ iṣẹ́ ológun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1942, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ni wọ́n fi í sí, wọ́n sì kó wọn lọ sí Bọ́mà láti bá Japan jà. Ní oṣù kẹta ọdún 1944 àwọn ará Japan ká wọn mọ́ etí odò Kaladan, wọ́n pa púpọ̀ nínú wọn. Ìbọn ba Fadoyebo ní ẹsẹ̀ àti ní ikùn. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sàró, ni wọ́n fara pamọ́ sínú igbó fún bí oṣù mẹ́sàn-án. Mùsùlùmí ará Arakan kan, Shuyiman, ni ó ń gbé oúnjẹ wá fún wọn, tí ó sì mọ̀ pé bí àwọn ará Japan bá gbọ́, ilé òun yóò parun. Ní ìparí ọdún náà ni wọ́n tó rí wọn kó jáde.

Ìwé tí Fadoyebo kọ lórí èyí jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1999, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, àkọlé rẹ̀ sì jẹ́ A Stroke of Unbelievable Luck. Kò pe ara rẹ̀ ní akọni. Oríire ni ó pe ohun tí ó mú un bọ̀. Mo fẹ́ràn ìwé náà púpọ̀, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ni mo ń ṣe, n óò sì sọ ohun tí mo rí. Ẹni tí ó kọ ìwé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ti mọ̀ pé òun kò kú. Ó lè ṣàwàdà lórí ẹsẹ̀ tí ó dá. Òǹkàwé náà mọ̀, nítorí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé. Ẹni tí ń kọ lẹ́tà láti inú ọkọ̀ ní èbúté Monrovia kò mọ̀ bóyá òun ni yóò sọ ìyókù. Ìdí nìyí tí ojú ewé méjì tí kò ní òwe kan ṣoṣo fi wúwo lọ́wọ́ mi ju ọ̀pọ̀ ìwé títẹ̀ lọ. Nínú oṣù mẹ́sàn-án tí Fadoyebo fi wà nínú igbó, kò sí ọ̀nà tí lẹ́tà kan lè gbà jáde dé Ẹ̀múrẹ́-Ilé.

Lẹ́tà kan wá jáde níkẹyìn o, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí ilé. Ní ọdún 2011 Fadoyebo, arúgbó tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kọ ìwé ọpẹ́ sí ìdílé Shuyiman. Barnaby Phillips, oníròyìn tẹlifíṣọ̀n Al Jazeera, gbé e lọ, ó sì rí àwọn ọmọ ọkùnrin náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Shuyiman ti kú. Ọdún kan lẹ́yìn náà, 2012, Fadoyebo jáde láyé. Àwọn Mùsùlùmí Arakan yìí ni Rohingya, tí ó lé ní ọ̀kẹ́ márùndínlógójì nínú wọn sá lọ sí Bangladesh ní ọdún 2017. Èmi kò lè gbọ́ ìròyìn wọn lórí rédíò kí n má rántí oúnjẹ tí wọ́n gbé fún ọmọ Ondo.

Lẹ́tà keje tó kù kò ní agbára tó ìkẹrin. Ẹ̀rù ti dín, ìkíni ti padà, òwe náà ti padà. Ó béèrè iye tí wọ́n ń ta púpurú. Ṣùgbọ́n láti ìkẹrin lọ, kò kọ “Màmá mi ọ̀wọ́n” mọ́.

Ọmọ náà tún fi ìwé kan kún un, èyí tí òun náà ti ń tọ́jú láti ọdún 1990. Èsì tí màmá ní kí n kọ sí i lọ́jọ́ tí mo ka ìkẹrin ni. Mo rántí ohun tí ó sọ: ó ní kí n sọ fún un pé òun náà kò sùn, pé kí ó má fi ẹ̀rù pamọ́ fún òun mọ́, pé ọmọ tí ó di ṣòkòtò rẹ̀ mú, ṣé ó rí ìyá rẹ̀? Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní òkè pátápátá, kí ọ̀rọ̀ màmá tó bẹ̀rẹ̀, ìlà kan wà tí kò sọ: “Bí àlàáfíà ni o wà, bẹ́ẹ̀ náà ni èmi wà.” Mo wò ó dáadáa lábẹ́ iná. Ọwọ́ mi ni.