Ojú tí Shirley Strum fi wo ọ̀bọ

Ẹni tó bá gbọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá ènìyàn ń tọ ọ̀bọ lẹ́yìn kiri lè béèrè pé ṣé ènìyàn ti tán láyé ni. Sherwood Washburn, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì California ní Berkeley, ní èsì fún un. Lójú tirẹ̀, bàbúùnù, ọ̀bọ ńlá ẹlẹ́nu gígùn bíi ti ajá tó ń jẹ̀ ní ilẹ̀ ọ̀dàn, lè jẹ́ ká mọ bí àwọn baba ńlá wa ayé àtijọ́ ṣe gbé ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òun àti Irven DeVore, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nídìí iṣẹ́ náà, kọ ọ́ pé akọ ni òpó agbo: èyí tó lágbára jù ló ń pàṣẹ, ipá ni wọ́n sì fi ń mọ ọ̀gá. Ẹ̀kọ́ yìí ló wà lórí Shirley Strum, akẹ́kọ̀ọ́ Washburn, nígbà tó dé oko màlúù Kekopey lẹ́bàá Gilgil ní Kẹ́ńyà lọ́dún 1972.

Ohun tó wù mí nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kò kánjú. Inú ọkọ̀ ló ti kọ́kọ́ ń wo àwọn bàbúùnù náà. Nígbà tó yá, ó sọ̀kalẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ rìn láàárín wọn. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n á ní ọ̀bọ ni gbogbo wọn. Strum ní láti mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tí etí rẹ̀ ya, èyí tí ìrù rẹ̀ ká, èyí tó ń tiro, ta ni ọmọ ta ni. Bí èèyàn kò bá tíì lè dá wọn mọ̀ nígbà tí wọ́n kẹ̀yìn sí i, kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ojú ẹ̀dá sì fẹ́ràn ìjà. Bí akọ méjì bá ń lé ara wọn tí eruku ń sọ, ta ni yóò wo ìyá tó jókòó jẹ́ẹ́ tó ń wá iná lára ọmọ rẹ̀? Jeanne Altmann, tó ti ìdí ìṣirò bọ́ sí ìdí bàbúùnù ní Amboseli ní Kẹ́ńyà, kọ àlàyé kan lọ́dún 1974 tí àwọn oníṣẹ́ yìí kò fi ṣeré títí dòní: yan ẹranko kan ṣoṣo, dá àkókò fún un, kọ gbogbo ohun tó bá ṣe. Bó bá sùn, kọ ọ́ pé ó sùn, kódà kí ogun máa jà lẹ́yìn rẹ. Iṣẹ́ tó ń súni ni, mi ò ní purọ́.

Ní Kekopey, akọ kan tí Strum sọ ní Ray ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ agbo nígbà tí òun náà dé. Ó síngbọnlẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àwọn yòókù, síbẹ̀ kò fipá wọlé. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́, ó ń wá ọ̀nà bí abo kan yóò ṣe gbà á lọ́rẹ̀ẹ́. Bí Strum ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni òpó Washburn ń mì. Akọ àlejò ni gbogbo wọn ń sá fún, àmọ́ àwọn akọ tó ti pẹ́ lágbo, tí wọ́n ti mọ ìyá àti ọmọ, ló ń rí abo bá gbé jù. Bí wọ́n bá dojú kọ irú akọ bẹ́ẹ̀, á gbé ọmọ ọwọ́ kan mọ́ àyà, ìbínú ẹni tó ń lé e á sì rọ̀. Bí ọmọ náà kò bá mọ̀ ọ́n, tó figbe ta, ẹbí á dà bò ó. Àwọn abo kì í kúrò lágbo tí a bí wọn sí. Ipò ìyá ni ọmọbìnrin ń jogún. Akọ ló ń wá, akọ ló ń lọ.

Kò rọrùn fún akẹ́kọ̀ọ́ láti gbé irú èsì bẹ́ẹ̀ padà síwájú àwọn tó kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ kò tètè gbà á.

Nígbà tí wọ́n ta oko Kekopey fún àwọn àgbẹ̀, tí bàbúùnù wá ń jẹ wọ́n lóko, Strum kó agbo mẹ́ta lọ sí Laikipia, ní Kẹ́ńyà kan náà, lọ́dún 1984, ó sì ń bá ìṣọ́ náà lọ níbẹ̀. Ẹ wá ìwé rẹ̀, Almost Human, tó jáde lọ́dún 1987. Ẹ má kánjú fo àwọn ojú ìwé tí ìjà kò sí. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.