Ṣé Lóòótọ́ Ni Bakitéríà Ń Sọ̀rọ̀?

Ọ̀rọ̀ tí Bonnie Bassler, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Princeton, sọ lórí pèpéle TED ní 2009 ṣì ń ti orí fóònù kan bọ́ sórí òmíràn. Àkọlé rẹ̀ ni “How bacteria ‘talk’”. Olùkọ́ gidi ni obìnrin náà, ó mọ bá a ṣe ń bu ìmọ̀ fúnni díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ bá ọ̀rọ̀-ìṣe inú àkọlé yẹn rò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ohun tó dájú kalẹ̀. Bakitéríà inú òkun kan ń jẹ́ Vibrio fischeri. Bó bá dá wà, kì í tànmọ́lẹ̀, àmọ́ ó máa ń tú èròjà kékeré kan síta. Bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i lójú kan náà ni èròjà yìí ń pọ̀ sí i. Tó bá ti dé ìwọ̀n kan, gbogbo wọn á tànmọ́lẹ̀ pa pọ̀. Nealson, Platt àti Hastings ṣàlàyé rẹ̀ ní 1970. Ní 1994, Fuqua, Winans àti Greenberg sọ ọ́ ní “quorum sensing”. Ẹ wò ó dáadáa: ìmọ̀lára ni wọ́n wí, wọn ò pè é ní ọ̀rọ̀ sísọ.

Bassler lọ jù bẹ́ẹ̀. Ó ní bakitéríà gbọ́ èdè púpọ̀: ọ̀kan jẹ́ ti ẹ̀yà wọn, òmíràn jẹ́ ti gbogbo wọn, ó sì fi ìyẹn wé Esperanto. Ibẹ̀ ni mo ti ní kó dúró ná. Èdè kì í ṣe àmì lásán. Ẹ wo igba, igbá àti ìgbà: ohùn nìkan ló yà wọ́n, bẹ́ẹ̀ ohùn ò ní ìtumọ̀ fúnra rẹ̀. À ń to ìró di ọ̀rọ̀, à ń to ọ̀rọ̀ di gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni ò sọ rí. A lè sọ ti àná, a lè béèrè pé, “Kí lo wí?” Èròjà bakitéríà ò ní gbólóhùn, kò ní àná, kò sì ní ìbéèrè.

Ẹni tó gbọ́ ariwo ọjà lókèèrè mọ̀ pé ọjà ti kún. Ta ló sọ fún un? Kò sẹ́ni. Oníkálukú ń ná ọjà tiẹ̀ ni. Rosemary Redfield náà bi irú ìbéèrè yìí ní 2002: ṣé kì í ṣe pé bakitéríà kàn ń dán àyíká wò, kó lè mọ̀ bóyá ohun tó bá tú síta á dúró nítòsí, àbí á ṣàn lọ? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, tara ẹ̀ ló ń ṣe, kò bá ẹnì kankan sọ nǹkan. Ọ̀rọ̀-ìṣe Bassler ti dá ẹjọ́ yìí kó tó dé kóòtù.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ẹni tó ń kọ ìwé sáyẹ́ǹsì fọ́mọ iléèwé ní Yorùbá gbọ́dọ̀ mú ọ̀rọ̀ kan. Bó bá kọ “ń sọ̀rọ̀”, ọmọ á máa wá ohun tí wọ́n sọ. “Ń gbúròó ara wọn” sún mọ́ òótọ́ jù.

Èyí tó dùn mí jù rèé. Ìgbà kan wà tí wọ́n ń fìyà jẹ ọmọ tó bá sọ Yorùbá níléèwé, bí ẹni pé kì í ṣe èdè tó pé. Lónìí, ohun tí bakitéríà ń tú síta ti di èdè. Bí gbogbo nǹkan bá ti wá ń jẹ́ èdè, kí la ó fi gbèjà èdè tó ń kú lọ?