Ọjọ́ Òjò Ni À Ń Mọ Ilẹ̀ Tírélà

Iṣẹ́ irin ni mò ń ṣe ní Ìbàdàn. Àwọn tírélà kéékèèké tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ láti fi gbé mọ́tò, àti ẹ̀yìn àwọn ọkọ̀ agbọ́kọ̀ tí ẹ ń rí lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ni mo fi ń jẹun. Bí oníbàárà bá dé ọ̀dọ̀ mi, ọ̀rọ̀ táyà àti wíńṣì ló máa ń kọ́kọ́ sọ. Ilẹ̀ tí mọ́tò yóò dúró lé kì í sábà sí lọ́kàn rẹ̀. Ní tèmi, ilẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, torí pé ibẹ̀ ni ìmọ̀ irin, ìmọ̀ igi àti ìmọ̀ omi ti ń pàdé. Ohun tí mo gbà gbọ́ nípa rẹ̀ kò gùn: ilẹ̀ tírélà tó dára ni èyí tí omi kì í dúró lé, tí ọ́ìlì kì í tètè sọ di yíyọ̀, tí a sì lè pààrọ̀ ibi tó bá bàjẹ́ lára rẹ̀ láìtú gbogbo rẹ̀ palẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ojú ilẹ̀ náà ń rí. Mọ́tò tó kú sójú ọ̀nà tàbí èyí tó ní jàǹbá ló pọ̀ jù nínú ohun tí à ń gbé. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kán, omi rédíétọ̀ ń kán, ọ́ìlì gíà àti ti bíréèkì náà ń kán. Bí òjò oṣù kẹfà bá wá bá wọn níbẹ̀, ilẹ̀ tí ọmọdé ń sáré lé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò máa yọ̀ bọ̀rọ́ mọ́ àgbàlagbà lẹ́sẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa. Ṣéènì àti bẹ́líìtì ni yóò di mọ́tò mú nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn; kò sí ilẹ̀ tó lè bá wọn ṣe iṣẹ́ yẹn. Àmọ́ kí wọ́n tó dè é, nígbà tí táyà ṣì ń gun òkè bọ̀, tí ọmọ iṣẹ́ kan sì wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìkọ́ lọ́wọ́, ọwọ́ ilẹ̀ ni ẹ̀mí ọmọ iṣẹ́ náà wà. Bí irin ìgunkè, èyí tí mọ́tò ń gbà gòkè, bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, tó sì gbé mọ́tò sókè ní ẹsẹ̀ bàtà kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ìwúwo mọ́tò náà ni yóò máa fà á padà sẹ́yìn. Fún mọ́tò tó wúwo tó 1,300 kg, 325 kg nìyẹn. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣeré.

Igi ni àwọn tó ṣáájú wa lò. Àwọn káfíńtà ló ń kan ara bọ́lẹ̀kájà lé orí ṣásíì Bedford tó ti Ìlú Ọba dé, pákó sì ni ilẹ̀ rẹ̀. Títí di òní, igi ṣì wù mí. Kì í dípẹtà, kì í gbóná tó irin lábẹ́ oòrùn ọ̀sán, táyà sì máa ń dì í mú dáadáa bí ojú rẹ̀ bá rí hágahàga. Ṣùgbọ́n igi ju igi lọ. Bí ẹ bá wọ ọjà pákó Bódìjà, ẹ ó rí arère àti afárá tí owó wọn kò gani lára. Arère fúyẹ́, ó sì rọrùn láti gé, àmọ́ òjò àti ikán kì í jẹ́ kó pẹ́. Apá ni mo máa ń béèrè. Ó le, kì í sì í wú tàbí sún kì púpọ̀ bí òjò bá lọ tí ẹ̀ẹ̀rùn dé. Ìrókò náà kì í tètè jẹrà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi í kan ilẹ̀kùn àti àga ti sọ ọ́ di ọ̀wọ́n. Ọpẹpẹ ń fara da omi. Ẹkì, tí àwọn oníṣòwò gẹdú lókè òkun ń pè ní azobé, wúwo débi pé ó máa ń rì sínú omi. Òun ni àwọn ará Netherlands ń kó lọ kọ́ èbúté àti ilẹ̀kùn odò àtọwọ́dá wọn. Ní Amẹ́ríkà, apitong, igi olóje tó ń wá láti igbó gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà, ni wọ́n mọ̀ jù fún ilẹ̀ tírélà.

Ìwúwo igi ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò. Ẹ jẹ́ ká mú ilẹ̀ tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 16, tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 8. Bí a bá fi pákó apá oní-íǹṣì méjì bò ó, yóò wúwo tó nǹkan bí 480 kg. Ti ẹkì yóò ju 600 kg lọ. Irin pẹlẹbẹ 3 mm tó bo ibi kan náà kò ju nǹkan bí 280 kg lọ. Ìwúwo yẹn ni ẹ ó yọ kúrò nínú ẹrù tí tírélà yín lè gbé. Nítorí náà, bí mo bá lo igi, ibi tó yẹ ẹ́ nìkan ni mo ń tẹ́ ẹ sí.

Títẹ́ rẹ̀ tún jẹ́ ọ̀tọ̀. Pákó gbígbẹ ni mo ń lò, mo sì máa ń fi àlàfo bí 5 mm sáàárín wọn kí omi lè ríbi gbà. Ojú tí ayùn kọjá lára rẹ̀, tí wọn kò tíì fá, ni mo ń kọ sókè. Orí pákó ni omi máa ń gbà wọlé jù, torí náà mo máa ń fi ọ̀dà bo ẹnu ibi tí mo gé kí n tó tẹ́ ẹ. Bóòtì àti nọ́ọ̀tì ni mo ń fi dè é, pẹ̀lú wáṣà tó fẹ̀. Ìṣó a máa yọ bí ọkọ̀ bá ti ń gbọ̀n fún ìgbà pípẹ́. Mo máa ń gbẹ́ igi díẹ̀ kí orí bóòtì lè wọlé, kó má baà ge táyà. Bí pákó kan bá kẹ̀, a tú bóòtì rẹ̀, a fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ọkọ̀ sì tún jáde lọ́jọ́ kan náà.

Irin ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ń fẹ́, pàápàá ṣẹ́kà pléètì, irin pẹlẹbẹ tó ní kókó kéékèèké lójú. Ó wà ní Owódé Onírin l'Ékòó. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́jọ ni abala kan. Ti 3 mm wúwo tó nǹkan bí 70 kg, ti 4 mm sì sún mọ́ 95 kg. Oníbàárà á ní, "Ọ̀gá wẹ́dà, èyí tó nípọn jù ni kí ẹ bá mi fi sí i o." Èmi á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ibi tí omi máa gbà jáde." Bí àwọn irin ìdábùú abẹ́ rẹ̀ kò bá jìnnà síra ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, 3 mm tó fún mọ́tò kékeré. Ìpẹtà ni ọ̀tá tó yẹ ká bẹ̀rù. Láti abẹ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, láàárín pléètì àti irin áńgù tó gbé e dúró, níbi tí búrọ́ọ̀ṣì kò lè dé mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń kun abẹ́ àti ojú pléètì ní red oxide kí n tó tẹ́ ẹ, tí mo sì ń lu ihò síbi tó bá rẹlẹ̀ kí omi má baà dágún. Irin tó nípọn tí omi dúró lé yóò jẹrà. Èyí tó fẹ́lẹ́ díẹ̀ tí omi ń kúrò lórí rẹ̀ yóò pẹ́ jù ú lọ.

Ẹ tún kíyè sí àwọn kókó ojú rẹ̀. Níbi tí táyà ń gbà lójoojúmọ́, wọ́n á máa jẹ díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi dán. Ọ̀dà tó ń dán, tí wọ́n kùn léraléra, náà ń sọ wọ́n di pẹlẹbẹ. Mo mọ̀ pé ojú oníbàárà ń fẹ́ ohun tó rẹwà lọ́jọ́ tó bá wá gba ọkọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ ọ̀dà tí kò dán ni mo ń kùn sójú ilẹ̀.

Alumíníọ̀mù fúyẹ́: abala kan tó nípọn ní 3 mm kò ju nǹkan bí 24 kg lọ, ìpẹtà irin kì í sì í mú un. Ṣùgbọ́n láti jó o pọ̀, ẹ̀rọ ìjórin tó yàtọ̀ àti afẹ́fẹ́ argon ló ń gbà. Bó bá fara kan irin tí omi sì wọ àárín wọn, alumíníọ̀mù yẹn ni yóò jẹ, àfi bí a bá tẹ́ rọ́bà sáàárín wọn. Máríìnì bọ́ọ̀dù, pákó onípele, tí ojú rẹ̀ dúdú tó sì ń dán máa ń yọ̀ bó bá tutù. Èyí tí ojú rẹ̀ ní ìlà hágahàga ló yẹ fún tírélà, tí a bá sì ti fi ọ̀dà dí gbogbo etí àti ihò rẹ̀ kó má baà là. Rọ́bà ń di táyà mú dáadáa, ṣùgbọ́n omi máa ń sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ibi tí a bá lè ká a kúrò láti fọ̀ nìkan ni mo ń tẹ́ ẹ sí.

Fún irin ìgunkè, n kò rí ohun tó ta irin alásẹ́ yọ, èyí tí ẹ̀rọ gé tí ó sì fà gbòòrò. Ẹrẹ̀, omi àti ọ́ìlì ń gba ojú rẹ̀ jábọ́ sílẹ̀, etí ihò rẹ̀ sì ń mú táyà. Bí kò bá sí i, mo máa ń jó rọ́ọ̀dù 12 mm ní ìdábùú mọ́ irin ìgunkè, ní íǹṣì mẹ́rin mẹ́rin síra wọn. Tírélà àtijọ́ tí ilẹ̀ rẹ̀ ti dán náà ní ìwòsàn: ẹ fọ ọ́ títí ọ́ìlì yóò fi tán lára rẹ̀, ẹ kun ọ̀dà ẹpọ́sì, ẹ ku yanrìn gbígbẹ tí ẹ ti sẹ́ sí i kó tó gbẹ, kí ẹ sì tún kùn ún lẹ́ẹ̀kan sí i kí yanrìn náà lè dì. Yóò máa jẹ lọ, àmọ́ owó tí a fi ń tún un ṣe kò pọ̀.

Mo fẹ́ kí oníbàárà fi ojú ara rẹ̀ rí bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe ń yọ̀. Mo gé ègé kọ̀ọ̀kan lára gbogbo ohun wọ̀nyí sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. A ó da omi àti ọ́ìlì díẹ̀ lé wọn, a ó gbé bàtà rọ́bà tó ti jẹ nísàlẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó sì máa gbé orí kan ègé náà sókè díẹ̀díẹ̀ títí bàtà yóò fi yọ̀ wálẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi mọ̀ ọ́n ṣe. Ìdùnnú ńlá ló máa ń jẹ́ fún mi bí ẹni tó wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìnípọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nípa ojú irin àti ojú ihò omi.

Bí wọ́n bá wá fi gbogbo rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, báyìí ni mo ṣe ń yàn: ṣẹ́kà pléètì sójú ọ̀nà méjèèjì tí táyà ń gbà, kí ìkọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, pákó apá sáàárín fún ẹsẹ̀ ènìyàn, irin alásẹ́ sórí ìgunkè, kí bóòtì sì di gbogbo wọn. Mo ti rí i pé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń tọ́jọ́, ó sì rọrùn láti tún ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra tírélà tàbí tí ẹ fẹ́ kan tuntun, ẹ má kàn fi ọwọ́ gbá ilẹ̀ rẹ̀ kí ẹ sì san owó. Ẹ da omi sí i. Ẹ wo ibi tí omi náà gbà, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì rìn lórí rẹ̀ nígbà tó ṣì tutù. Bí ajórin yín bá ń kánjú nígbà tí ẹ ń ṣe èyí, ẹ wá ẹlòmíràn, torí ọmọ ọlọ́mọ ni yóò kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ yẹn nínú òjò.