Ta Ló Pàṣẹ, Ta Ló Jẹ̀bi? Àríwísí lórí Fíìmù Moneyball

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe yìí ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn tí mo bá wo Moneyball, fíìmù tí Bennett Miller darí, tó jáde lọ́dún 2011. N kò sọ pé fíìmù náà kò dára o. Ó dára gan-an ni. Brad Pitt ṣe ipa Billy Beane débi pé a gbàgbé pé òṣèré là ń wò. Ohun tí mo bá a jà lé lórí ni ẹjọ́ tó dá. Ó gbé ọkùnrin méjì síwájú wa, ọ̀kan nínú ọ́fíìsì, èkejì létí pápá. Ó bi wá pé ta ló yẹ kó ní àṣẹ lórí ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù, ó sì dáhùn kí ẹnì kejì tó la ẹnu.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹ̀yin tí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan mọ́ lára. Alex Ferguson ní Manchester United àti Arsène Wenger ní Arsenal kì í ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá lásán. Ohùn wọn wúwo lórí ẹni tí ẹgbẹ́ yóò rà àti ẹni tí yóò tà. Nínú bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, wọ́n ti pín iṣẹ́ yẹn sí méjì tipẹ́. Jẹ́nẹ́rà mánijà wà lọ́fíìsì: òun ló ń ra agbábọ́ọ̀lù, òun ló ń tà wọ́n. Mánijà wà ní pápá: òun ló ń yan ẹni tí yóò gbá lónìí, ẹni tí yóò kọ́kọ́ mú igi, àti ìgbà tí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù yóò kúrò kí ẹlòmíràn bọ́ síbẹ̀. Irú aṣọ tí àwọn agbábọ́ọ̀lù wọ̀ lòun náà máa ń wọ̀. Tí nǹkan bá bàjẹ́, òun ni gbogbo ayé ń wò lójú.

Ìtàn tó wà nídìí fíìmù náà ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Lọ́dún 2002, owó tí Oakland Athletics ń san fún gbogbo agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 40 dọ́là, nígbà tí ti New York Yankees lé ní mílíọ̀nù 120. Beane, jẹ́nẹ́rà mánijà Oakland, fi ìṣirò wá àwọn èèyàn tí ọjà kò kà sí. Ọ̀kan nínú wọn ni Scott Hatteberg. Iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé kó máa lóṣòó sẹ́yìn onígi láti hán bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti bàjẹ́, kò lè ju bọ́ọ̀lù bó ṣe yẹ mọ́. Síbẹ̀ ó ní sùúrù tó bá mú igi lọ́wọ́, ó sì máa ń rí ọ̀nà dé first base. Lọ́dún yẹn, Oakland borí nígbà 103, 20 nínú wọn sì tẹ̀ léra láì fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan.

Níbo wá ni wàhálà wà? Nínú fíìmù náà, Art Howe, mánijà, tí Philip Seymour Hoffman ṣe ipa rẹ̀, kò fẹ́ lo Hatteberg ní first base. Carlos Peña ló fẹ́. Beane sọ, sọ, sọ, Howe kọ̀. Beane bá gbé Peña fún Detroit, kí Howe má baà rí ẹlòmíràn lò. A máa ń rẹ́rìn-ín níbí yìí, torí fíìmù ti kọ́ wa pé alágídí ni Howe: ó fajú ro, ó ń ṣàròyé nípa ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí ohun tí wọ́n fi sí i lẹ́nu. Ó ní bí òun ṣe ń lo àwọn ọmọ òun jẹ́ ọ̀nà tí òun yóò lè ṣàlàyé nígbà tí òun bá ń wáṣẹ́ kiri ní ìgbà òtútù tó ń bọ̀.

Gbólóhùn yẹn ni ọkàn fíìmù náà, àwọn tó ṣe é sì sáré kọjá lórí rẹ̀. Kì í ṣe torí Peña ni ọkùnrin yìí ṣe ń jà. Ohun tó ń sọ ni pé bí ètò yín bá forí ṣánpọ́n, èmi lẹ máa lé. Ẹ fún mi ní ẹ̀bi, ẹ ò fún mi ní àṣẹ. Ṣé ọ̀rọ̀ alágídí nìyẹn, àbí ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀?

Fíìmù náà tún fi nǹkan mìíràn pa mọ́. Barry Zito, Tim Hudson àti Mark Mulder ló ń ju bọ́ọ̀lù fún Oakland lọ́dún yẹn. Zito gba ẹ̀bun Cy Young. Miguel Tejada gba ẹ̀bun agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù lọ ní American League. A fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ohunkóhun nípa wọn. Hatteberg pàápàá kò kọ́ first base nínú ìwé ìṣirò. Ron Washington, ọ̀kan nínú àwọn kóòṣì, ló kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìṣirò ló ní kí wọ́n mú un wá, pápá ló sọ ọ́ di ẹni tó wúlò. Howe fúnra rẹ̀ sọ ní gbangba nígbà tí fíìmù jáde pé wọn kò ṣe òun dáadáa. Ẹgbẹ́ tí ọkùnrin yìí darí borí nígbà 102 lọ́dún 2001, ó tún borí nígbà 103 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Lónìí, lẹ́nu àwọn tí kò rí i rí, orúkọ rẹ̀ ti di àpẹẹrẹ olóríkunkun. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Ṣé kí á wá kó gbogbo àṣẹ fún mánijà ni? Rárá o. Lọ́dún 2002 kan náà, Anaheim Angels, tó wà ní ẹ̀ka kan náà pẹ̀lú Oakland, ló gba World Series. Mike Scioscia ni mánijà wọn. Iyì ibẹ̀ pọ̀ fún un débi pé nígbà tó yá wọ́n fún un ní ìwé àdéhùn tó gùn dé 2018. Jerry Dipoto dé gẹ́gẹ́ bí jẹ́nẹ́rà mánijà ní ìparí 2011. Lọ́dún 2012 ó lé Mickey Hatcher, kóòṣì tó ń kọ́ wọn ní igi gbígbá, ọ̀rọ̀ náà kò sì dùn mọ́ Scioscia nínú. Ìjà wá dé orí bí pápá ṣe ń lo ìṣirò tí ọ́fíìsì ń fi ránṣẹ́. Ní oṣù Keje 2015, Dipoto kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tó yẹ kó jẹ́ ọ̀gá ló kẹ́rù, ẹni tó yẹ kó wà lábẹ́ rẹ̀ ló jókòó. Angels kò tún gba World Series mìíràn kí Scioscia tó lọ ní 2018. N kò ní ìjà yẹn nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n àgbò méjì kì í mumi nínú akèrègbè kan.

Ẹnì kan wà tó ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀ tó sì yege: Whitey Herzog ní St. Louis Cardinals, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ó mọ̀ pé pápá wọn fẹ̀, pé koríko oníke ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, bọ́ọ̀lù sì máa ń sáré lórí rẹ̀. Ó bá kó àwọn tó lè sáré àti àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù mú jọ, bí Ozzie Smith tó gbà lọ́wọ́ San Diego. Lọ́dún 1982 wọ́n gba World Series. Ṣùgbọ́n kí ọdún yẹn tó parí, òun náà ti gbé iṣẹ́ ọ́fíìsì fún ẹlòmíràn. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń fẹsẹ̀ tẹ pápá lójoojúmọ́ mọ ohun tó yẹ kí ọ́fíìsì gbọ́ kó tó náwó.

Ewu mìíràn wà tí Moneyball kò rí, torí ẹ̀yìn ìṣẹ́gun ọ́fíìsì ló ti bẹ̀rẹ̀. Níbi púpọ̀ ìjà ti tán, mánijà àti ọ́fíìsì ń sọ èdè kan náà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá 2020, nínú ìdíje kẹfà World Series, Blake Snell ń ju bọ́ọ̀lù fún Tampa Bay Rays. Ó ti dá onígi mẹ́sàn-án padà lófo, Rays fi 1-0 ṣíwájú Los Angeles Dodgers, bọ́ọ̀lù 73 péré ló sì tíì jù. Mánijà Kevin Cash jáde, ó yọ ọ́ kúrò. Ìṣirò ní ó máa ń léwu kí ajubọ́ọ̀lù kojú onígi kan náà lẹ́ẹ̀kẹta. Kò pẹ́, Dodgers gba iwájú. Wọ́n borí 3-1, wọ́n gba World Series. Cash ní ìpinnu òun ni, ó sì gba ẹ̀bi. Mo yìn ín. Síbẹ̀ àwọn èèyàn kò yé béèrè pé ta ló yọ Snell gan-an. Bí a kò bá mọ ibi tí ohùn ọ́fíìsì parí sí, ta la fẹ́ bi?

Èrò tèmi rèé. Ìka tó tọ́ símú la fi ń romú. Kí rírà àti títà wà lọ́wọ́ ọ́fíìsì, torí mánijà tó ń bẹ̀rù kí wọ́n má lé òun yóò fi ọmọdé méjì tó ṣì ń dàgbà pààrọ̀ àgbà kan tó lè bá a borí lálẹ́ òní. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ kí wọ́n tó rà, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá rà tán. Tí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó wọ aṣọ eré máa pinnu. Bí ọ́fíìsì bá sì fẹ́ pinnu fún un, kò burú, kó jáde síta kó sọ pé òun ni.

Beane lè jàre lórí Hatteberg. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ fíìmù náà kò ju pé kó jẹ́ kí Howe rojọ́ tirẹ̀ tán kí a tó dá a lẹ́bi.