Orúkọ Ẹni Tó Wà Nílẹ̀

Nílé wa ní Ọ̀fà, bí ìyá àgbà bá ń ki èèyàn, kì í pe orúkọ ẹni náà nìkan kó sì dákẹ́. Á pe bàbá rẹ̀, á pe ìyá rẹ̀, á sọ ibi tí ìdílé rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Òṣùwọ̀n yìí ni mo fẹ́ fi wọn iṣẹ́ ìwádìí Joost Klootwijk.

Ní òru ọjọ́ 25 mọ́jú ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 1943, bàálù Lancaster kan tó lọ ju bọ́ǹbù sí Gelsenkirchen ní Jámánì ń padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. W4827 ni nọ́ńbà rẹ̀. Wọ́n yìnbọn lù ú lójú ọ̀run, ó sì já lulẹ̀ nítòsí Nieuw-Vennep ní Netherlands. Èèyàn méje ló wà nínú rẹ̀. Méjì kú, ọwọ́ àwọn ará Jámánì sì tẹ àwọn márùn-ún yòókù. Cy Grant, adúláwọ̀ láti Guyana, wà lára wọn; òun ló ń wo máàpù tó ń júwe ọ̀nà fún awakọ̀.

Ọmọ ọdún 11 ni Klootwijk nígbà tí bàálù yìí já níṣojú rẹ̀. Kò gbàgbé. Nígbà tó dàgbà, ó wádìí àwọn tó wà nínú rẹ̀, ó sì kọ ìwé lé e lórí. Lẹ́yìn náà, Hans ọmọ rẹ̀ àti Grant fúnra rẹ̀ jọ kó orúkọ àwọn ọmọ Caribbean tó fò nínú ogun náà jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ohun tó mú iṣẹ́ yìí níyì ni pé kò dúró sórí irin. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá bàálù tó já kì í kọjá ẹ́ńjìnnì àti nọ́ńbà. Nígbà tí wọ́n mú Grant, ìwé ìròyìn Jámánì kan gbé àwòrán rẹ̀ jáde, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì tí a kò mọ ẹ̀yà rẹ̀ ni. Àwòrán wà, orúkọ kò sí. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni Grant wá fi ṣe orúkọ ìwé ìtàn ogun rẹ̀. Lójú tèmi, èsì sí ìwé ìròyìn yẹn ni iṣẹ́ Klootwijk.

Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ kan. Ilé àgbẹ̀ kan ni bàálù náà já lé, ìyàwó àgbẹ̀ náà sì kú. Nínú àwọn àkọsílẹ̀ kúkúrú tí mo rí kà, nọ́ńbà bàálù wà, ipò àwọn ọmọ ogun wà, ṣùgbọ́n "ìyàwó àgbẹ̀" lásán ni wọ́n pe obìnrin yìí. Ṣé kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣe fún Grant náà nìyẹn? Òótọ́ ni pé ìwé àwọn ológun kì í kọ orúkọ ẹni tí kì í ṣe tiwọn. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí olùwádìí kan ilẹ̀kùn aládùúgbò.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí nítorí ọdún 1943 yẹn náà ni wọ́n dá Offa Grammar School sílẹ̀ níbí. Ìyá àgbà ní ìyá òun ń pa ẹkùrọ́ nígbà ogun Hitler, ọkọ̀ ojú irin sì ń kó o lọ. Àbúrò bàbá rẹ̀ lọ sí Bọ́mà, kò sì padà wálé. Ẹ̀gbọ́n ìyá àgbà nìkan ló mọ ọjọ́ tó kúrò nílé àti ẹni tí wọ́n jọ lọ. Ó kú ní ọdún méjì sẹ́yìn. Inú ilé kan náà la jọ ń gbé. Mi ò béèrè.

Peter Adeniyi Thomas, ọmọ Èkó, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di ọ̀gá ológun nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Jàǹbá bàálù pa á ní 1945. Mo bi àwọn tí a jọ wà ní kíláàsì. Kò sí ẹni tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Iṣẹ́ Klootwijk yẹ ní kíkà fún gbogbo ọmọ ilé ìwé, torí ọmọdé ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èmi náà ti ra ìwé kékeré kan. Orúkọ ìyá tó ń pa ẹkùrọ́ ni mo kọ́kọ́ kọ sínú rẹ̀: Àbẹ̀kẹ́.